Èènì Orí Kéèkì

Táífọ́ọ̀dù fi màmá mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé adùn ẹnu rẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí a bá sè nílé wa ní Narayi, ní Kaduna, ó ní ó korò. Ẹ̀kọ gbígbóná korò. Ọbẹ̀ ẹja tútù korò. Ọsàn tí mo bó fún un, ó wò ó, ó tún wo èmi, bí ẹni pé èmi ni mo da jogbo sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Èkó gbọ́. Ọ̀gá ni ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń bá àwa ará ilé sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń darí ìpàdé. Ó ní tí màmá kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun á wá gbé e lọ sí Èkó, kó máa gbé lọ́dọ̀ òun.

Màmá mi dá a lóhùn lórí fóònù. "Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Kaduna ni mo sin bàbá yín sí. Kí ni kí n wá ṣe ní Èkó? Kí n máa wo ògiri?"

"Ẹ jẹun nígbà náà, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi pa fóònù rẹ̀. Màmá mi yí padà lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri tiwa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo jókòó tì í, mò ń wo fóònù mi. Àwòrán kéèkì kéékèèké kan jáde. Màmá na ọrùn.

"Kí nìyẹn?"

"Kéèkì inú kọ́ọ̀bù ni, mà. Ilé búrẹ́dì tuntun kan ní Malali ló ń ṣe é."

"Inú kọ́ọ̀bù? Ṣé kọ́ọ̀bù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n tà ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Màmá mi ta ẹ̀wà àti àgbàdo títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Mùdù, abọ́ tí a fi ń wọn oúnjẹ tà ní Òkè Ọya, ló fi tọ́ wa dàgbà. Lójú tirẹ̀, irú èèyàn méjì péré ló wà láyé: àwọn tó ń wọn mùdù tó ga ṣóńṣó, àti àwọn ahun. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé láti ìgbà tí ibà ti lọ, èyí ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó tutù.

"Ẹ dìde, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ wo kọ́ọ̀bù náà."

Kẹ̀kẹ́ gbé wa kọjá odò, ó já wa sí Malali, níbi tí ògiri ọgbà ti ga ju ilé tó wà nínú rẹ̀ lọ. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ orúkọ ilé búrẹ́dì náà. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, mo sì fura pé ẹni tó ni ín náà kò mọ̀ ọ́n. Máigádì tẹrí ba fún màmá: "Sannu, Hajiya." Ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá mi ń lọ láti kékeré, ṣùgbọ́n ó gba oyè náà láìjiyàn.

Inú ibẹ̀ tutù bí inú fíríjì. Àwọn oníbàárà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà níbi ìdánwò. Ọkùnrin àti obìnrin kan gbé kéèkì síwájú, wọ́n ń fi fóònù yí i ká.

"Kí ló dé tí wọn ò jẹ ẹ́?"

"Wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ ni, mà."

"Haba! Ṣé pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fẹ́ bá a ṣe?"

Ọmọbìnrin tó ń tajà fi Gẹ̀ẹ́sì tó gba imú jáde ka orúkọ àwọn kéèkì náà fún wa. Mo túmọ̀ ọ̀kan fún màmá: àrán pupa.

"Àrán tí a fi ń rán aṣọ ìgbéyàwó? Wọ́n ti ń jẹ ẹ́? Kai! Gbé e wá. Mi ò jẹ aṣọ rí."

Wọ́n gbé e wá. Kírímù funfun ga lórí rẹ̀, ó rí ṣóńṣó. Màmá yí àwo náà po, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹni tó wọn èyí kì í ṣe ahun." Ó gé díẹ̀ nínú kírímù náà, ó fi sẹ́nu. Ó fajú ro. Mo ti ń rí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà.

"Kò korò," ló sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni wọ́n kó jọ sókè yìí."

Ó jẹ afẹ́fẹ́ náà tán. Ó jẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tán. Ó fi ìka gbá èérún inú bébà. Ó wá dìde, ó gbé bébà náà lọ bá ọmọbìnrin yẹn.

"Ke, ina gyarana?"

Èènì ni àwọn Hausa ń pè ní gyara. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú. Èmi tí mo ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ ni mo ń wò, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù.

Ọmọbìnrin náà tún imú ṣe, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbí. Màmá ka orúkọ Yorùbá tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá.

"Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ lẹ fi sọ mùdù yín di gíga. Tí mo bá wọn ẹ̀wà báyẹn fún ìyá rẹ, ṣé á tún padà wá?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ náà, Gẹ̀ẹ́sì imú sì bá a lọ. "Ìyá mi? Wọ́n á kọ́kọ́ jà ná, mà." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó na àrán pupa mìíràn sí i. "Èènì yín rèé, mà."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi, inú mi sì dùn débi pé mo gbé ojú sókè. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ èènì ohun tó korò.

Fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo gbé e sí etí màmá.

"Màmá, ọ̀sẹ̀ ti ń parí lọ o. Ẹ ti jẹun bí?"

Ó fèsì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ.

"Kí lẹ wí, mà? Mi ò gbọ́ yín."

"Mo ní ẹnu mi kún!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ èyí. "Pè mí lọ́la!"