Àgbàdo Irúgbìn Bàbá Ilé Kejì

Ta, ta, ta ni hóró àgbàdo ń bọ́ sínú garawa tó wà láàárín ẹsẹ̀ wa. Àtàǹpàkò bàbá tó ń gbé nílé kejì sí wa ní DeSoto, ní Amẹ́ríkà, le bí èèpo igi, ó kàn ń fi tì wọ́n kúrò lára ṣùkù ni. Gáréèjì rẹ̀ ń rùn fún epo ọkọ̀ àti eruku háhá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà yẹn.

"Ti orí kéré jù, ti ìdí rí wúruwùru. Ti àárín là ń gbìn. Bí bàbá bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Oko ẹrú ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, ó fi ìbaaka kan ro oko òwú olóko títí ó fi ní ilẹ̀ tirẹ̀, tó gbin àgbàdo funfun yìí sí i. Lọ́dún kan tí ọ̀dá dá, àwọn ọmọ ń sunkún ebi, ó sì ń sùn lórí àpò irúgbìn náà títí òjò fi rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé bàbá yìí nìkan ni irú àgbàdo náà wá kù sí.

"Kò lè fún wọn ní díẹ̀ jẹ ni?" mo bi í.

"Kí lò bá máa bó báyìí? Ìwọ alájẹkì yìí, ìwọ lò bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Nígbà òtútù, ó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. Eku wà ní gáréèjì rẹ̀, ó bá gbé ìgò tó kó gbogbo irúgbìn náà sí fún mi pé ká bá òun tọ́jú rẹ̀. "Sọ fún màmá ẹ pé irúgbìn ni o."

Mo gbé e sílẹ̀ ní kíṣínì, mo lọ ta géèmù. Mi ò sọ.

Màmá mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí àgbàdo funfun gbígbẹ. Nílé wa lọ́hùn-ún, ẹni tó bá kórè a máa bù fún aládùúgbò, ó gbà pé ọrẹ ni. Ìgbà tí mo fi ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kejì, ó ti rẹ ẹ́ sómi. Ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó kan.

Nígbà tí bàbá dé láti ọsibítù, màmá mi po ògì náà lọ fún un. Èmi ni mo gbé ṣúgà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Èyí la máa ń fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá."

Ó tọ́ ọ wò. "Ó dùn o. Kí lẹ fi ṣe é?"

"Àgbàdo tẹ́ ẹ fún wa náà ni, sà. Mi ò jẹ́ kí hóró kan ṣòfò."

Ṣíbí rẹ̀ dúró. Ó wò mí. Bàtà mi ni mò ń wò. Lẹ́yìn náà ó lá a tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Lásìkò ìgbìn, ó ra irúgbìn ní sítọ́ọ̀, ó sì pè mí kí n wá bá òun gbìn ín. Kò bá mi wí. Àmọ́ kò sọ ìtàn bàbá bàbá rẹ̀ mọ́.

Bàbá ti kú. Màmá mi ṣì máa ń sọ pé ògì yẹn ló dùn jù nínú gbogbo èyí tí òun ti ṣe ní Amẹ́ríkà, èmi a sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Bàbá fi ìdákẹ́ tirẹ̀ bò mí. Ara mi nìkan ni mo ń fi tèmi bò.