Kí Ọ̀gá Wa Tó Yan Orin

Ẹni tó bá ń kí èèyàn láti tábìlì dé tábìlì máa ń rán mi létí ọ̀gá wa, aṣáájú ẹgbẹ́ olórin tí mo ti ń ta gìtá nílé ọtí kan ní Dutse Alhaji, l'Ábújá. Orin olórin là ń kọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá kì í yan ọ̀kankan àfi tó bá kọ́kọ́ kí gbogbo ilé. Yóò kí àwọn Hausa pé "sànnu" níbí, yóò ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" lọ́hùn-ún.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ du ipò ni?"

"Mi ò fẹ́ ìbò wọn. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń ṣe wọ́n."

Lọ́jọ́ kan, onílé ọtí kìlọ̀ pé bí àwọn èèyàn ò bá jó, kí a wábi gbà. Orin ijó nìkan la múra sílẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe ń kí kiri, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń kí tọkọtaya kan pé, "Ẹ kú ọ̀fọ̀." Kò sọ pé "ẹ kú ìnáwó," tí à ń kí ẹni tó sin arúgbó.

Ọ̀gá padà wá bá wa. "Kì í ṣe àgbà ló kú fún wọn. Orin jẹ́ẹ́jẹ́ la máa kọ."

"Iṣẹ́ wa ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ẹnikẹ́ni ò jó. Onílé ọtí ti ń fajúro bọ̀ nígbà tí ọkọ yẹn wá di ọ̀gá lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Láti ọjọ́ tí a ti sìnkú, òní ni ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó."

Onílé ọtí wo abọ́ òfìfo tó wà níwájú obìnrin náà, ó sì kọjú sí ọ̀gá.

"Ọ̀gá, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tètè dé."