Kápẹ́ẹ̀tì Tí A Fi Ìlásíìkì Wọ̀n

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti Rísí jọ lò kẹ́yìn, ó ní kí n sún àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé sẹ́yìn díẹ̀, nítorí aṣọ orí àga náà ti ń ṣá lójú oòrùn. Mo sún un. Ó ní mo ti sún un jù. Mo tún un sún. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti dára báyìí." Mi ò sọ fún un pé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni mo dá a padà sí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n tó mọ ìwé kà dáadáa, ni obìnrin yìí ti ń sọ ibi tí n ó gbé nǹkan sí fún mi. Inú yàrá kan náà la dàgbà sí ní Ajah. Ìyá mi, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti di opó kí n tó dá bàbá mi mọ̀. Ìyá Rísí, aránṣọ, ní ọkọ, ṣùgbọ́n òkè Ọya ni ọkọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé. Àwọn obìnrin méjèèjì jọ gba yàrá kan, wọ́n ta kọ́tìnì sí i láàárín. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà jẹ́ ti Ìyá Rísí nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé jẹ́ tiwa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní yàrá náà kéré, ìyá mi á ní, "Yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ràn ara wọn." Àwa mẹ́rin péré ni, àmọ́ ó yẹ kí n ka ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ wa, nítorí kò sẹ́ni tó gba àyè tó o.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé bí a ṣe ń ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà náà. Búlọ́ọ̀kù la fi gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè nítorí omi òjò, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì wá di yàrá kejì: ibẹ̀ ni ìkòkò, gààrí, bàtà ọdún àti àwọn ìwé mi ń gbé. Afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí ìṣó pẹ́ lára ògiri kó tó dípẹtà. Ní Sátidé, a ó fi omi ọṣẹ fọ òdòdó oníke, a ó sá a sórí okùn bí aṣọ. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ la lẹ̀ mọ́ ibi tí ògiri ti sán. Obìnrin kan wà lórí ọ̀kan nínú wọn tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa. Rísí sọ ọ́ ní Àǹtí Oṣù Kẹta, ó ní ọmọ tí kò bá dọ̀bálẹ̀ kí Àǹtí láàárọ̀ kò gbẹ́kọ̀ọ́. Mo ń dọ̀bálẹ̀.

Eré wa kan wà: ká rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé láì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Lórí àpótí, lórí àga aránṣọ, lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan, mo já lu aṣọ léèsì oníbàárà tòun ti ẹsẹ̀ tí mo fi tẹ epo pupa. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè, kí n kọjú sí ògiri. Rísí rọra wá sẹ́yìn mi, ó ní, "Wò ó, Àǹtí ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín." Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, ìyà náà sì di ìlọ́po méjì.

Ilẹ̀ simẹ́ńtì yẹn ló ń dà wá láàmú. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ilẹ̀ á máa làágùn, iyanrìn á sì máa lẹ̀ mọ́ aṣọ àwọn oníbàárà. Àwọn ìyá wa bá pinnu láti jọ ra kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà. Fífẹ̀ rẹ̀ bá yàrá wa mu, gígùn ló kù ká mọ̀. Èmi tí mo mọ ìṣirò ni wọ́n ní kí n wọ̀n ọ́n. Mi ò rí okùn. Mo bá mú ìlásíìkì nínú apẹ̀rẹ̀ Ìyá Rísí, èyí tí wọ́n ń rán sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì. Rísí di orí kan mú lẹ́nu ọ̀nà, èmi fa ìkejì, ó nà, ó nà, títí ó fi kan ògiri abẹ́ fèrèsé. Mo ta kókó síbẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọpọlọ ni mo ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Rísí mú ìlásíìkì náà lọ sọ́jà. Oníkápẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò fà á, ó sì gé kápẹ́ẹ̀tì síbi kókó. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà, ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kó tó kan fèrèsé.

"Ìyá Káyọ̀dé, ọmọ yín tó ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò nìyí?"

"Ìyá Rísí, ẹ̀yin tí ẹ ń rán síkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, ẹ di ìlásíìkì mú, ẹ ò mọ̀?"

Ó yẹ kó parí sí ẹ̀rín, àmọ́ kò parí síbẹ̀. Ìyá mi ní kí wọ́n tẹ́ ẹ láti fèrèsé. Ìyá Rísí ní oníbàárà òun ò ní máa bọ́ sórí iyanrìn. Fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ àfi láti ẹnu wa, bẹ́ẹ̀ kọ́tìnì lásán ló wà láàárín wọn.

"Káyọ̀dé, sọ fún Ìyá Rísí pé ọbẹ̀ wọn ń jóná."

"Rísí, sọ fún Ìyá Káyọ̀dé pé mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Rísí ní òun gbọ́ nípa yàrá kan ní Lakowe, òun á lọ wò ó ní Sátidé. Lójú mi nígbà náà, bí ẹni ń lọ sí òkè òkun ni Lakowe. Ẹnu mi kọ àkàrà. Mo mọ̀ pé bí Rísí bá lọ, ọwọ́ èmi yìí ló lé e lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, Rísí mú ṣọ́ọ̀kì ìyá rẹ̀, ó fa ìlà sí àárín kápẹ́ẹ̀tì náà gan-an. Ó ní, "Màámi, ẹ gé e síbí. Ẹ fa tiwa sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fa tiwọn sí fèrèsé. Kí ibi tó ṣófo wà lábẹ́ kọ́tìnì. Kò kúkú sẹ́ni tó ń sùn lábẹ́ kọ́tìnì."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Rísí ní, "Ẹ wo ọmọ tí mo bí!" Ìyá mi ní, "Ẹ bí i lóòótọ́, ta ló kọ́ ọ níwèé?" Wọ́n gé e. A gbé bẹ́ǹṣì sójú ibi tó ṣófo, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká kọ́tìnì sókè nírọ̀lẹ́ kí gbogbo wa lè jókòó síbẹ̀ jẹun. Kò sẹ́ni tó lọ wo yàrá ní Lakowe.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ Rísí, àwọn kan ní ẹ̀sìn wa ò pa pọ̀. Ìyá mi ní ó ti lé lógún ọdún tí a ti ń gbọ́ àdúrà ara wa lẹ́yìn kọ́tìnì, àdúrà wo ló wá kù tó máa bá wa lójijì? A gba ilé kékeré kan nítòsí Thomas Estate. Èmi ń di òòlù mú, òun ń nàka síbi tí n ó kan ìṣó sí.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé Lekki lónìí náà ń jọ gba ilé kótópó, àmọ́ olúkúlùkù ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọmọbìnrin wa kàn na fóònù sí ògiri ni, fóònù náà á sì sọ gígùn rẹ̀ fún un, kò ní fi ìka kan yẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní irú rẹ̀ nígbà náà ni, kápẹ́ẹ̀tì wa ì bá kan fèrèsé, àwọn ìyá wa ì bá sì máa jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn tí a sin Rísí, ọmọbìnrin wa ra fíríìjì, ó ní kí wọ́n gbé e wá fún mi. Àwọn ọkùnrin méjì tó gbé e dúró láàárín pálọ̀, òógùn ń bọ́ lójú wọn.

"Bàbá, ibo ni ká gbé e sí?"

Mo bojú wẹ̀yìn, síbi tí Rísí máa ń dúró sí.

"Bàbá, ó wúwo o!"

Mo nàka sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kíṣíìnì. Wọ́n gbé e síbẹ̀, wọ́n lọ. Nígbà tí mo ṣí i, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ lu ògiri, ọwọ́ mi nìkan ló lè wọlé. Mo fi orúnkún tì í díẹ̀díẹ̀ lọ sí ògiri kejì, mo ń sinmi, mo ń tì. Gbogbo ọ̀sán ló gbà mí. Mo tún ṣí i wò. Ó ṣí dé òpin. Mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì pa á dé.