Ọjọ́ Tí Mo Rán Ìró Ìyá Ọkọ Mi Mọ́ Aṣọ Pẹpẹ

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí níbí ní Jos nígbà tí Kérésì ku ọ̀la. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa. Èmi náà ti ń rín in báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ni!

Àṣejù ló kó bá mi. Mo wo fídíò mélòó kan lórí fóònù, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sára aṣọ. Mo ṣe òdòdó kan ṣoṣo sára ìrọ̀rí, ni mo bá gbà pé mo ti di ọ̀gá. Nígbà tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kabong ń wá ẹni tó máa ṣe aṣọ pẹpẹ tuntun fún Kérésì, ta ló nawọ́? Èmi ni o! Ìràwọ̀ ńlá aláwọ̀ wúrà láàárín aṣọ funfun. Kí ló le níbẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Jos, ẹ mọ ohun tí ọyẹ́ ń fojú wa rí ní Dìsẹ́ḿbà. Ìka mi ti kú, ara mi ń gbọ̀n. Àánú mi ṣe ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti yọ ìró sányán wọn kúrò nínú àpótí kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, torí òun ni wọ́n máa ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì. Bàbá ọkọ mi ló rà á fún wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ìgbéyàwó wọn. Bàbá ti kú, ìró yẹn ni Màmá fi ń rántí wọn. Òun náà ni Màmá fọwọ́ ara wọn tẹ́ sórí itan mi, wọ́n ní kí òtútù má baà pa ìyàwó àwọn.

Mo dúpẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Òrùka onígi méjì la fi ń há aṣọ nídìí iṣẹ́ yìí, kó lè le dáadáa. Mo tú òrùka, mo tún un há, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ ń le díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo mọ̀? Mo ní òtútù ló mú ọwọ́ mi. Wákàtí mẹ́ta gbáko!

Mo dìde kí n lè fi han Màmá. Ìró bá mi dìde. Mo kọ́kọ́ rò pé ọyẹ́ ni, torí aṣọ a máa lẹ̀ mọ́ra nígbà ọyẹ́. Mo gbọn ọ́n, kò já. Mo yí i pa dà, ìràwọ̀ ti wà lára ìró náà! Mo ti há sányán pọ̀ mọ́ aṣọ pẹpẹ nínú òrùka, mo sì ti rán Kérésì mọ́ ìgbéyàwó ìyá ọkọ mi.

Àsìkò yẹn gan-an ni Mama Chundung, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, wọlé wá gba aṣọ. "Kai!" Wọ́n ní kò le rárá, ká gé ìró náà yí ìràwọ̀ po, ó tán. Wọ́n ti mú sísọ́ọ̀sì.

"Haba, Mama Chundung!" Màmá já sísọ́ọ̀sì gbà, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n ní ẹni tó bá gé sányán yẹn, ọkọ àwọn ló gé. Mama Chundung di etí aṣọ kan mú, Màmá di èkejì mú, èmi wà láàárín, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi. Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀?

A gbìyànjú láti tú u. Kí a tó tú ẹnu ìràwọ̀ kan ṣoṣo tán, aṣọ funfun ti lu, òwú sányán ti ń já. Omi bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé owó ò lè ra òmíràn.

Màmá wá dìde lórí sísọ́ọ̀sì, wọ́n ní ká má dá ọgbẹ́ sí i lára mọ́. Wọ́n ní tí kò bá ti fẹ́ já, ká kúkú rán an pọ̀ yí ká, kí sányán di abẹ́ aṣọ, kí etí rẹ̀ yọ nísàlẹ̀. "Sai haka," ni Mama Chundung wí, pé bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe é, wọ́n fa àga, àwọn náà mú abẹ́rẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti parí.

Lọ́jọ́ Kérésì, aṣọ pẹpẹ wú gbogbo ìjọ lórí. Pásítọ̀ ní etí tó yọ nísàlẹ̀ yẹn dúró fún koríko ibùjẹ ẹran, wọ́n wàásù lé e lórí fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Mo tẹrí ba. Ni Màmá bá dìde láàárín ìwàásù.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú o, ìró mi ni."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò jókòó. "Bàbá wọn ló rà á fún mi. Ní gbogbo ayé wọn, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni wọ́n máa ń jókòó sí. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò wá síwájú. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n wà lónìí!"

Ẹ̀rín dá. Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún.

Ọdún tuntun ti dé, Mama Chundung sì ti ní àwọn lè bá wa tú ìró náà díẹ̀díẹ̀. Màmá ní rárá, kí Bàbá ṣì jókòó síwájú fúngbà díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: kí ẹ tó há aṣọ, ẹ fọwọ́ wo abẹ́ rẹ̀! Tí nǹkan bá sì ti bà jẹ́, ẹ má sáré mú sísọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti rán mọ́ ohun tí kò yẹ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kí ojú ti èmi nìkan.