Akọ Kan Péré Láti Ẹ̀yìn Ojúbọ Murugan

Ọmọńlé ni Poongodi, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, lọ kọ́ ní yunifásítì. Ó ní ọmọńlé tó ń gbé inú àpáta òkè wa kì í ṣe irú ti òkè kejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Chennai ní kó mú akọ kan wá, nítorí ihò tín-ín-tín tó tò sábẹ́ itan akọ ni wọ́n fi ń dá irú wọn mọ̀. Abo nìkan ló sì rí mú. Ẹ̀yìn ojúbọ Murugan, òrìṣà òkè wa, làwọn akọ ń sá sí, a kì í sì í mú ohun ẹlẹ́mìí kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn afọ́kúta ti ń wọn òkè náà. Àyàfi tí ẹranko tí kò sí níbòmíràn bá ń gbé orí rẹ̀ ni ìjọba fi lè dá wọn dúró.

A lọ bá Masilamani, ẹ̀gbọ́n ìyá Poongodi tó ń ṣọ́ ojúbọ. Ó fún wa ní kọfí, ó gbọ́ tẹnu wa tán.

"Ọmọ mi," ó ní, "òkè ò ní fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọmọńlé ara ògiri fi ké. Gbogbo ilé fi ìka kan ilẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí ọmọńlé bá ti ké sí ọ̀rọ̀, òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, ẹjọ́ parí nìyẹn.

"Bàbá mi, ọmọńlé inú ilé nìyẹn," Poongodi ní. "Kò bá ti orí òkè tan. Kò gun òkè rí. Kí ló mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Ọmọńlé lọmọńlé ń jẹ́."

Ìyàwó Masilamani bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń wá ọkọ, ìwọ ń wá akọ ọmọńlé."

Inú bí mi débi pé kọfí náà korò lẹ́nu mi. Wọ́n ní ẹni tí ò gbédè ẹgà ló ń sọ pé ẹgà ń pàtótó. Àwọn tiwa gbédè ọmọńlé, wọ́n sì tún ṣì í gbọ́. A lọ, a bọ̀, a bẹ̀ ẹ́ títí. Idli, oúnjẹ ìrẹsì, nìkan ló ń fún wa jẹ, kò jẹ́ ká mú akọ. Ó sú mi, ó sú Poongodi jù mí lọ.

Àwọn afọ́kúta dé. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan ojúbọ, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fi ẹ̀tù bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Masilamani wọlé tọ̀ wá wá, eruku bo irun rẹ̀. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó gbé òkú ọmọńlé kan lé Poongodi lọ́wọ́.

"Ṣé èyí tí ò ń wá nìyí?"

Poongodi yí ikùn rẹ̀ sókè, ó yẹ abẹ́ itan rẹ̀ wò.

"Akọ ni, bàbá mi. Irú tiwa ni, kò sí níbòmíràn. Ibo lẹ ti rí i?"

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ojúbọ lórí òkè. Níbi tí àpáta wà láàárọ̀, ojú ọ̀run nìkan la rí.