Kọ̀ǹpútà Tó Ń Tẹ́tí sí Bàbá Mi

Ara mi kì í balẹ̀ bí mo bá jókòó ti ẹni tó ń rọra sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá mi kì í kánjú sọ ohunkóhun. Nígbà tí ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí wọn ò lè di bírò mú mọ́, wọ́n ní kí n wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà á fi máa bá àwọn kọ ìtàn ayé àwọn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta àlùbọ́sà ní Sókótó títí dé ikú ìyá mi. "Kí n tó gbàgbé," ni wọ́n wí. Wọ́n sì ti ń gbàgbé. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Sama Road, ní Sókótó níbí. Mo ti ṣe ètò ìkọ̀wé kan tẹ́lẹ̀: èèyàn á tẹ bọ́tìnì, á sọ gbólóhùn kan, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbọ̀n máa ń tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì, á ṣí i, á tún tì í. Mo bá mú bọ́tìnì kúrò. Mo jẹ́ kí etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kó máa kọ bí wọ́n ṣe ń sọ, láìdúró. Mo tún kọ́ ọ kó dá ohùn Bàbá nìkan mọ̀, kó má ka ti ẹlòmíràn sí.

Mo gbé e lọ sí pálọ̀ wọn ní àdúgbò Kofar Rini, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ìdùnnú náà ò pẹ́. Bàbá kì í ti ilẹ̀kùn. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀ láti Wamakko kì í kọjá kí wọ́n má yà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Ìlọrin tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí. Bàbá á dá gbogbo wọn lóhùn. Bí mo bá wo ojú kọ̀ǹpútà, nínú ìtàn náà, ọkọ̀ tó gbé Bàbá wá á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìkíni á sì já lù ú: "wa alaikumu salaamu, lafiya lau, ẹ káàbọ̀, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, madalla, a dúpẹ́," kí ọkọ̀ náà tó tún gbéra.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè ti ilẹ̀kùn díẹ̀ ni?"

"Kí n tìlẹ̀kùn mọ́ èèyàn nítorí ẹ̀rọ? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Èmi tí mi ò ní sùúrù, mo wá ọ̀nà àbùjá. Mo pàṣẹ fún ètò náà kó máa yọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìkíni dànù, ti Yorùbá àti ti Hausa, kó tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohùn pàápàá, mi ò ní kó tọ́jú rẹ̀, kó má baà gba ààyè jù. Ìwé náà mọ́ tónítóní, mo sì ń yangàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá ní kí n bọ́ síta, àwọn fẹ́ sọ apá ti ìyá mi. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń jókòó, mò ń dìde. Mò ń gbọ́ ohùn wọn, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí.

Mo kà á: "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ jí, ó wò mí, ó ní. Mo ní. Ó tún ní. Mo ní. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí mo fi máa kírun dé, ó ti lọ."

Mo ti mọ ohun tí ètò mi gbé jù nù.

"Ohun tó sọ dà?" Bàbá bèèrè.

Mo ṣàlàyé, mò ń kólòlò. Mo yọ àṣẹ náà kúrò níṣojú wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí wọ́n kàn sọ fún mi ohun tí ìyá mi wí, èmi á fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́.

"Ìkíni ni," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà ṣáà mọ bí èèyàn ṣe ń kí èèyàn láàárọ̀."