Iwájú Ilé Ni Oòrùn Ń Ràn Sí

Ilé Verna Ledford ló kọjú sí tèmi ní òpópónà wa ní àríwá Georgia. Láàárọ̀, kí ooru tó mú, Verna a máa ti àga oníkẹ̀kẹ́ tí Royce ọkọ rẹ̀ jókòó sí bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì máa wọ́ tẹ̀ lé wọn láti inú yàrá bí ìwọ́ ọmọ tuntun. Okùn yẹn ni atẹ́gùn ń gbà dé imú Royce. Ẹ̀rọ tó ń pèsè atẹ́gùn náà kì í sinmi tọ̀sán tòru. Tó bá dákẹ́, kò ní pẹ́ tí ètè ọkùnrin náà á fi máa rí bí aró.

Aró gan-an ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà èwe ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń pa òwú láró. Èéfín aró àti eruku òwú jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹnu rẹ̀ jẹ. Tí mo bá ń kọjá, á pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kó tó mí: "Ọ̀rẹ́ mi, koríko iwájú ilé rẹ yìí... ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ rà ni?"

Verna ní tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń dáná títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé òpópónà wa ló jẹ búrẹ́dì àgbàdo rẹ̀ nígbà tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Glenda Sosebee tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wà lára wọn.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni yìnyín kan tó bọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, tó wó òpó iná káàkiri. Gbogbo wa wà nínú òkùnkùn fún bí ọjọ́ méjì. Àwọn ìgò atẹ́gùn kékeré tí wọ́n ń tọ́jú de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Verna ń pààrọ̀ fún Royce, ó sì ń wo ọwọ́ aago tó ń fi ìwọ̀n atẹ́gùn hàn lára wọn bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà nílé, ṣùgbọ́n làkúrègbé ò jẹ́ kí ọwọ́ Verna lè fa okùn tí wọ́n fi ń tan án, èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú ilé. Orí ìgò tó gbẹ̀yìn ni wọ́n wà tí iná fi dé. Verna sọ fún mi pé òun ò tún ní jókòó wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé òun.

Owó tí wọ́n ti ń fi pamọ́ fún ìsìnkú ara wọn ló mú, ó fi ra sólà àti bátìrì ńlá kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri gáréèjì. Ọkùnrin tó tà á fún un ní kó fọkàn balẹ̀, kò sí ìwé àṣẹ tí àwọn ò ní bá a ṣe. Wọ́n to sólà náà sórí òrùlé ní apá iwájú, nítorí pé ibẹ̀ ni oòrùn ń ràn sí. Òkè àti igi ńláńlá ló ṣíji bo ẹ̀yìn ilé. Èéhù ló ń hù lára òrùlé ibẹ̀.

Kò tíì pé oṣù kan tí Glenda fi wọlé tọ̀ wọ́n wá, ó gbé abọ́ adìẹ sísè dání. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wá bá Royce tún fèrèsé ṣe.

"Màmá Verna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o."

"Kí lo ṣe tí mo fẹ́ bínú?"

"Sólà yìí ni. Òfin àdúgbò ò gbà kí irú rẹ̀ hàn sójú títì. Àwọn kan ti ń fẹjọ́ sùn mí."

"Àwọn wo?"

"Ẹ má bi mí, Màmá. Kì í ṣe pé wọ́n ní kẹ́ ẹ má lò ó. Ẹ kàn kó o lọ sẹ́yìn ni, ó ti parí."

Verna gbé abọ́ adìẹ náà sórí tábìlì jẹ́jẹ́. "Glenda ọmọ mi, ọjọ́ wo lo rí oòrùn lẹ́yìn ilé mi rí?"

Royce ló dá a lóhùn láti orí kẹ̀kẹ́: "Ẹ jẹ́ kó bá wa bẹ oòrùn... kó máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé... bí olè."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Glenda náà rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìkìlọ̀ dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló sì fọwọ́ sí i.

Verna ní òun máa gbin igi ọgbà sí iwájú ilé kí ó lè bò ó. Wọ́n ní òrùlé ga ju igi ọgbà lọ. Ó mú ìwé dókítà wá. Wọ́n ní àánú ṣe àwọn, àmọ́ ìwé dókítà ò pa òfin rẹ́. Ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pe ìpàdé, kí gbogbo onílé dìbò. Wọ́n gbà.

Gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì la lò. Verna wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn Ọjọ́ Àjíǹde, ó dìde, ó sì ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tó bá dákẹ́. Ó ṣe é ní ṣókí, nítorí pé kò mọ ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ. Bó ṣe jókòó ni Dwight Hulsey dìde. Ará ilé ìkángun ni, ẹni tó máa ń fi ìgbálẹ̀ gbá ojú títì iwájú ilé rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kórìíra Màmá Verna níbí," ó ní. "Ṣùgbọ́n tá a bá gbà fún un lónìí, lọ́la ẹlòmíì á gbé ọkọ̀ ojú omi tó ti jẹrà síwájú ilé. Ta ló máa ra ilé wa nígbà yẹn?"

"Dwight, èmi ń sọ̀rọ̀ èémí ọkọ mi, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi."

"Màmá, òfin ni mò ń sọ. Gbogbo wa la jọ wọ inú rẹ̀."

Wọ́n ní kí àwọn tó bá fẹ́ kí sólà náà dúró nawọ́. Verna nawọ́. Èmi àti ìyàwó mi nawọ́, tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé náà nawọ́. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́. Verna yíjú wo yàrá náà látòkè délẹ̀, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn, ó mọ èyí tí kì í jẹ ẹ̀wà nínú wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tí kò fẹ́ nawọ́, ọwọ́ pọ̀ débi pé wọn ò tiẹ̀ kà á.

Mo gbé Verna lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní ìlú Dalton. Lọ́yà náà ka ìwé òfin àdúgbò wa, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i nígbà tẹ́ ẹ ra ilé, Màmá."

"A ò kà á."

"Kò sẹ́ni tó ń kà á, Màmá. Ṣùgbọ́n ó ti múlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bá wọn fà á, owó ìtanràn á máa gorí ara wọn, wọ́n lè fi gba ilé lọ́wọ́ yín."

Ìgbà tí a padà dé ẹnu ọ̀nà Verna ló ní, "Ìlú tí èèyàn ti dáná fún gbogbo ọmọ nìyí."

Wọ́n tú sólà náà. Royce jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kígbe sí àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n má fọ́ ọ, òun lè fi ṣe tábìlì. Verna wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, kò jáde títí ọkọ̀ wọn fi lọ. Bátìrì nìkan ló kù lára ògiri, iná ìjọba ni wọ́n sì ń rọ sínú rẹ̀.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, yìnyín tún bọ́. Igi wó dí ọ̀nà lójú méjèèjì, òpó iná ṣubú lé orí ara wọn. Bátìrì náà gbé ẹ̀rọ Royce di ọjọ́ kejì kí iná inú rẹ̀ tó tán, àwọn ìgò atẹ́gùn kékeré náà sì tán. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi sọdá, mo gbé e jìnnà sí fèrèsé nítorí èéfín, ṣùgbọ́n epo tó wà nínú rẹ̀ ò tó nǹkan, kò sì sí ọ̀nà dé ilé epo. A pe àwọn panápaná. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, igi làwọn ń gé.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé oòrùn ràn lọ́jọ́ kejì yẹn, oòrùn tó mọ́ gaara. Yìnyín orí òrùlé ń yọ́, ó ń kán tó, tó, tó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kún inú ilé débi pé Verna ní láti fa aṣọ fèrèsé kó má baà wọ Royce lójú, nígbà tí òun ń dì í mú kó jókòó dáadáa kó lè mí. Glenda fẹsẹ̀ rìn dé pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ Royce.

"Royce, mí, bàbá," ni Verna ń wí. "Tún mí. Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Ètè rẹ̀ ti rí bí aró kí àwọn panápaná tó fẹsẹ̀ gba inú igbó dé. Àwa pẹ̀lú wọn la jọ gbé e jáde.

Kò kú. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní kò lè padà sílé tí iná ti ń lọ báyẹn mọ́. Wọ́n fi í sílé ìtọ́jú àgbàlagbà kan tó ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ojoojúmọ́ ni Verna ń wa mọ́tò lọ bá a jẹun ọ̀sán. Ó ta sólà náà fún ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ lójú ọ̀nà Chatsworth, ọkùnrin náà sì tò ó sórí ilé adìẹ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Royce, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. "Ó dáa," ó ní. "Adìẹ náà... ń mí."

Tí Verna bá ti jáde, Glenda a máa wá gé koríko iwájú ilé rẹ̀. Mo bi Verna lọ́jọ́ kan ìdí tó fi ń gbà fún Glenda.

Ó wò mí bíi pé ọmọdé ni mí. "Kí ni kí n ṣe? Kí n lé e? Tí koríko yẹn bá ga, ṣé wọn ò tún ní kọ̀wé sí mi ni?"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó sì lọ bá ọkọ rẹ̀.